Bátìrì Sólà Olómi: Ìbéèrè àti Ìdáhùn lórí Bí Bátìrì Ṣe Ń Kún Dé Òpin àti Bí A Ṣe Ń Ṣe Ṣáájì Ìdọ́gba Láìsí Ewu

Àwọn tó ń lo ínfátà ní Adó, Ìkẹ́rẹ́, Ìkọ̀lé àti Ẹ̀fọ̀n ló ń bi wá ní àwọn ìbéèrè wọ̀nyí, wọ́n sì máa ń pọ̀ sí i nígbà òjò. Ẹ wá ìbéèrè tiyín, ẹ ka ìdáhùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣe ìdọ́gba kò gbọdọ̀ fo àwọn tó sọ̀rọ̀ nípa gáàsì àti ásíìdì.

Irú bátìrì wo ni ọ̀rọ̀ yìí kàn?

Bátìrì olómi ni, èyí tó ní ìdérí lórí tí a ń ṣí láti bu omi sí i. Tùbúlà gíga tí ọ̀pọ̀ ilé ń lò pẹ̀lú ínfátà wà lára rẹ̀. Òjé ni pílèètì inú rẹ̀, ásíìdì àti omi ni wọ́n rọ sí i.

Èyí tí àwa èèyàn ń pè ní "dry cell", ìyẹn AGM àti gel, òjé àti ásíìdì náà ni, àmọ́ wọ́n ti dí i pa. Omi tó bá ti ara rẹ̀ jáde ti lọ nìyẹn, kò sí ibi tí ẹ ó gbà dá a padà. Ẹ máa gbé e kún dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe ìdọ́gba fún un àyàfi tí ìwé ilé-iṣẹ́ tó ṣe é bá ní kí ẹ ṣe é, tó sì sọ iye fóòtì tí ẹ ó lò. Bátìrì lithium ńkọ́? Rárá o. Ẹ má dán an wò láéláé.

Kí ni ṣáájì ìdọ́gba gan-an?

Sẹ́ẹ̀lì mẹ́fà ló wà nínú bátìrì 12V kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń mú nǹkan bí 2.1V wá tó bá kún. Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kì í bá ara wọn dọ́gba títí. Bí a ti ń lò ó, tí a sì ń gbé e kún ní ààbọ̀ ààbọ̀, àwọn kan á máa kún, àwọn kan á máa rẹ̀yìn. Ṣáájì ìdọ́gba ni pé, lẹ́yìn tí bátìrì ti kún, a ó tún mọ̀ọ́mọ̀ fi fóòtì gíga àti iná díẹ̀ tẹ̀ ẹ́ fún wákàtí díẹ̀ sí i, kí àwọn tó rẹ̀yìn lè bá ẹgbẹ́ wọn. Òun ni kọ̀ńtírólà (ẹ̀rọ tó ń darí iná láti pánẹ́ẹ̀lì sínú bátìrì) ń kọ sójú rẹ̀ ní EQ.

Ó tún ń ṣe iṣẹ́ méjì mìíràn. Àkọ́kọ́, ó ń tú sọ́fétì (ohun tí ásíìdì ń dà lára òjé) tó ti lẹ̀ mọ́ pílèètì, tí kò bá tíì le jù. Èkejì, ó ń ro ásíìdì pọ̀. Ásíìdì wúwo ju omi lọ, nítorí náà ó máa ń rọ̀ sísàlẹ̀ nínú bátìrì tí kì í hó; ìsàlẹ̀ pílèètì á máa jẹ nínú ásíìdì líle, òkè rẹ̀ á wà nínú omi lásán. Tùbúlà ni èyí ń bá jù nítorí gíga rẹ̀. Híhó tí bátìrì ń hó nígbà ìdọ́gba ló ń dá ásíìdì náà pọ̀ padà.

Iná aláwọ̀ ewé ti tàn lórí ínfátà mi. Ṣé bátìrì ti kún nìyẹn?

Kò dájú. Ohun tí iná yẹn sábà máa ń sọ ni pé fóòtì ti dé ibi tí wọ́n tò ó sí. Fóòtì lè dé ibẹ̀ nígbà tí bátìrì ṣì ku bí ìdá 20 nínú 100 kó tó kún, pàápàá tí bátìrì bá ti gbó tàbí tí wáyà bá tinrín.

Bátìrì tó kún ní àmì mẹ́ta. Iná tó ń wọlé á ti lọ sílẹ̀ gan-an nígbà tí fóòtì ṣì wà lókè: fún bátìrì 200Ah, nǹkan bí 2A sí 6A. Háídrómítà (ìgò tí a fi ń wọn bí ásíìdì ṣe le tó) á máa ka iye kan náà lẹ́ẹ̀mẹta tí ẹ bá ń wọ̀n ọ́n ní wákàtí wákàtí. Lẹ́yìn tí bátìrì bá sì ti sinmi fún wákàtí mélòó kan, láìgba ṣáájì, láìgbé iná fún nǹkan kan, mítà á ka 12.6V sí 12.7V. Tó bá ka 12.1V, ààbọ̀ ló kù. Ẹ má wọ̀n ọ́n nígbà tí oòrùn ń gbé iná wọ̀ ọ́ kí ẹ sì gba nọ́ńbà yẹn gbọ́.

Kí ló dé tí bátìrì fi máa ń yára gba iná ní àárọ̀, tó sì ń fà títí di ìrọ̀lẹ́?

Ìpele ni ṣáájì ń tẹ̀ lé. Ní "Bulk", gbogbo iná tí pánẹ́ẹ̀lì tàbí ṣájà bá lè mú wá ni bátìrì ń gbà, fóòtì á sì máa gòkè. Ní "Absorption" (àwọn kọ̀ńtírólà kan ń pè é ní "Boost"), fóòtì dúró sójú kan, iná tó ń wọlé á wá máa dín kù díẹ̀díẹ̀. Ní "Float", fóòtì á lọ sílẹ̀, iná díẹ̀ á máa ṣọ́ bátìrì kó má bàa relẹ̀.

Ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń rọ epo pupa sínú ìgò: ikùn ìgò kì í pẹ́ kún, ọrùn rẹ̀ ló ń gba sùúrù. Ìdá 20 tó kẹ́yìn lè gba wákàtí 2 sí 4, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń tan fírísà, tí wọ́n ń lọ aṣọ, tí bátìrì kò fi ní dé òpin láti oṣù dé oṣù. Lójú tiwa, bátìrì tí kì í kún ló ń kú jù ní ìlú yìí, kì í ṣe bátìrì tó gbó.

Fóòtì mélòó ni kí n tò sórí kọ̀ńtírólà?

Ìwé bátìrì yín ni àṣẹ. Tí ìwé bá ti sọnù, fún bátìrì olómi 12V, Absorption sábà máa ń wà láàárín 14.4V sí 14.8V, Float láàárín 13.2V sí 13.8V, ìdọ́gba láàárín 15.5V sí 16.2V. Tí bánkì yín (àwọn bátìrì tí ẹ so pọ̀) bá jẹ́ 24V, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Tó bá jẹ́ 48V, ìlọ́po mẹ́rin.

Lórí ínfátà tó ní transformer, ẹ wò bóyá ó ní ibi tí a ti ń yan irú bátìrì, "SMF" (ti dry cell) tàbí "Tubular". Ọ̀pọ̀ ilé tí a wọ̀, tùbúlà ló wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n SMF ni wọ́n yàn. Bátìrì olómi tó ń gba fóòtì dry cell kò ní kún láéláé.

Pánẹ́ẹ̀lì mélòó ló lè gbé bátìrì mi kún?

Bátìrì olómi fẹ́ràn iná tó tó ìdá 10 sí 13 nínú 100 iye Ah rẹ̀. Bátìrì 220Ah kan fẹ́ nǹkan bí 22A. Ẹ sọ 22A di ìlọ́po 14V, ó lé ní 300W. Pánẹ́ẹ̀lì kì í mú gbogbo ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ wá nítorí ooru, eruku àti ìkùukùu, nítorí náà ẹ ka 400W fún bátìrì 220Ah kọ̀ọ̀kan. Bátìrì mẹ́rin, 1,600W.

Ìṣirò yìí kò ka ohun tí ẹ ń lò lọ́sàn-án mọ́ ọn. Ẹni tó ń ta ẹja tútù ní Ọjà Ọba, tí fírísà rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, gbọ́dọ̀ fi ti fírísà lé e. Ẹ tún rántí pé ohun tí ẹ fà jáde nìkan kọ́ ni ẹ ó dá padà: bátìrì ń jẹ tirẹ̀ lójú ọ̀nà. Tí ẹ bá fa 100Ah, ẹ ó dá nǹkan bí 110Ah sí 120Ah padà kó tó kún.

Láti oṣù keje ni bátìrì mi kì í ti í kún mọ́. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Ó lè má tíì bàjẹ́. Oòrùn ló fara pamọ́. Láti oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án, ìkùukùu máa ń bo ojú ọ̀run Èkìtì léraléra, ẹ̀yin tó sì wà láàárín òkè bí Ẹ̀fọ̀n, kùrukùru àárọ̀ lè gba wákàtí mélòó kan lọ́wọ́ yín. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí òjò á fi lọ, nígbà náà ló máa bàjẹ́ lóòótọ́: sọ́fétì tó rọ̀ lónìí á di líle, kò sì ní tú mọ́.

Ẹ dín ohun tí ẹ ń lò lálẹ́ kù. Tí iná ìjọba bá dé, ẹ jẹ́ kí ínfátà gbà á fún wákàtí tó pọ̀. Tó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ lẹ máa lò, àárọ̀ ni kí ẹ tan án, nígbà tí bátìrì ṣófo tó sì ń gba iná púpọ̀. Tí iná tó ń wọlé bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, ẹ pa á, kí oòrùn ọ̀sán wá parí rẹ̀. Láti fi pẹtiróòlù kún ìdá 20 tó kẹ́yìn, owó lẹ ń sun: jẹnẹrétọ̀ á máa kùn, 5A péré ni bátìrì á máa gbà. Ó kéré tán, ẹ jẹ́ kó kún dé òpin lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀.

Ṣé mo lè bu pure water, omi òjò tàbí omi ẹ̀rọ amúlétutù sí bátìrì?

Ẹ má bù ú. Pure water mọ́ fún ẹnu, kò mọ́ fún bátìrì. Iyọ̀ àti èròjà ilẹ̀ wà nínú rẹ̀. Omi òjò ti fọ páànù àti eruku kó tó dé inú bọ́kẹ́ẹ̀tì yín. Omi tó ń kán láti ara ẹ̀rọ amúlétutù ti gba ara irin kọjá. Omi bátìrì tí wọ́n sè, tí wọ́n gba ooru rẹ̀ padà sínú ìgò mímọ́, ìyẹn distilled water, tàbí deionized, nìkan ni.

Ẹ ka ara ìgò náà kí ẹ tó sanwó. Ìgò omi bátìrì àti ìgò ásíìdì máa ń jọ ara wọn lórí àtẹ, ọmọ tó ń tà á náà lè má mọ ìyàtọ̀.

Kí n tó ṣáájì ni kí n bu omi, àbí lẹ́yìn rẹ̀?

Lẹ́yìn rẹ̀. Omi inú bátìrì máa ń wú tó bá ń kún. Tí ẹ bá ti bù ú dé ẹnu ṣáájú, ásíìdì á ṣàn jáde. Tí pílèètì bá ti yọrí síta, ẹ kọ́kọ́ bu ìwọ̀nba tó máa bò ó, ẹ gbé bátìrì kún, kí ẹ tó wá fi ìyókù dé ibi àmì. Bátìrì tí pílèètì rẹ̀ wà níta kò gbọ́dọ̀ gba ṣáájì rárá, ká má tiẹ̀ wá sọ ìdọ́gba.

Báwo ni a ṣe ń lo háídrómítà?

Ẹ ṣí ìdérí kan, ẹ fa ásíìdì sókè, ẹ tú u padà bí ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta kí ìgò rẹ̀ lè gba ooru ásíìdì náà, ẹ wá fà á kí ohun tó ń léfòó inú rẹ̀ má fara kan ògiri ìgò. Ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ojú yín bá omi náà dọ́gba, ẹ kà á, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ tú ásíìdì náà padà sínú ihò tí ẹ ti fà á. Ẹ má tú u sí òmíràn.

Fún ọ̀pọ̀ bátìrì, 1.265 sí 1.280 ni kíkún, nǹkan bí 1.225 ni ìdá 75, nǹkan bí 1.190 ni ààbọ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan máa ń rọ ásíìdì tó fẹ́lẹ́ díẹ̀ sí bátìrì ilẹ̀ olóoru, tí kíkún rẹ̀ fi jẹ́ 1.240 tàbí 1.250, ara bátìrì lẹ ó ti rí i. Tí ásíìdì bá gbóná, fún ìwọ̀n 10°C tó bá fi ju 27°C lọ, ẹ fi nǹkan bí 0.007 kún ohun tí ẹ kà. Ẹ má sì wọ̀n ọ́n lẹ́yìn tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bu omi. Omi tuntun ṣì wà lókè, yóò purọ́ fún yín.

Ẹ jẹ́ ká wo bátìrì kan tó kà báyìí lẹ́yìn tí wọ́n ní ó ti kún: 1.265, 1.260, 1.265, 1.225, 1.260, 1.265. Mítà á ní bátìrì yìí dára. Háídrómítà ló fi sẹ́ẹ̀lì kẹrin hàn. Ìdí rèé tí a fi ń sọ pé ẹni tó bá fẹ́ ra mítà tàbí háídrómítà, tí owó rẹ̀ kò tó méjèèjì, kó ra háídrómítà. Kò wọ́n.

Ẹ̀ẹ̀mélòó lọ́dún ni kí n ṣe ìdọ́gba?

Ẹ má fi kàlẹ́ńdà ṣe é, ẹ fi háídrómítà ṣe é. Tí sẹ́ẹ̀lì tó ga jù àti èyí tó kéré jù bá fi 0.030 ju ara wọn lọ lẹ́yìn tí bátìrì ti kún, àsìkò tó. Bákan náà ni tí gbogbo wọn bá kéré ju bó ṣe yẹ lọ lẹ́yìn ṣáájì tó pé. Fún bátìrì tí a ń lò lójoojúmọ́, èyí lè bọ́ sí oṣù kan sí mẹ́ta. Ilé tí oòrùn rẹ̀ tó, tí ìlò rẹ̀ kò pọ̀, lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àṣejù rẹ̀ náà burú. Ìdọ́gba ń jẹ omi, ó sì ń jẹ irin pílèètì tó wà níhà pósítíìfù. Bátìrì tó ń kún dáadáa lójoojúmọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ nílò rẹ̀.

Abẹ́ àtẹ̀gùn inú ilé ni bátìrì mi wà. Ṣé ewu wà níbẹ̀?

Ewu ńlá ni. Bátìrì tó ń hó ń tú omi sí gáàsì méjì, háídrójìn àti ọ́síjìn. Tí háídrójìn bá ti tó ìdá 4 nínú 100 afẹ́fẹ́ ibẹ̀, iná kékeré kan tó bá ta pàrà ti tó, bátìrì á bú, ásíìdì á sì fọ́n ká. Háídrójìn kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Ẹ kò ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ó fúyẹ́, òkè ló ń lọ, ó sì máa ń sá sí igun àjà.

Nítorí náà ni a kì í fi bátìrì olómi sí yàrá tí èèyàn ń sùn, tàbí sínú kọ́bọ́ọ̀dù tí kò ní ihò. Ẹ dá ihò sókè àti sísàlẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọlé kó sì jáde. Ní ọjọ́ ìdọ́gba, ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé sílẹ̀ gbayawu. Kò sí sìgá, kò sí àbẹ́là, kò sí sítóófù nítòsí. Tí ẹ kò bá lè rí afẹ́fẹ́ tó fún ibẹ̀, ẹ má ṣe ìdọ́gba níbẹ̀. Ẹ gbé bátìrì síta sábẹ́ òrùlé. Ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ínfátà àti ibùsùn wà nínú yàrá kan ṣoṣo ló ń kó ẹ̀rù bà wá jù.

Kí ni mo gbọ́dọ̀ ní lọ́wọ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀?

Gọ́gù tó bo ojú tán (jígí ìkàwé kò tó), ìbọ̀wọ́ rọ́bà, aṣọ tí ẹ kò ní sunkún lé lórí, bàtà tó bo ẹsẹ̀. Bọ́kẹ́ẹ̀tì omi mímọ́ méjì nítòsí, kì í ṣe kànga tó wà lẹ́yìnkùlé. Háídrómítà, mítà, omi bátìrì, ìwé àti bírò.

Ẹ bọ́ òrùka, aago ọwọ́ àti ṣéènì ọrùn. Sípánà tàbí òrùka tó bá fi ọwọ́ kan orí méjèèjì bátìrì lẹ́ẹ̀kan náà á pọ́n bí iná, á sì jó ẹran ara mọ́lẹ̀. Ẹ fi téépù wé ọwọ́ sípánà, kó ku ẹnu rẹ̀ nìkan. Ẹ lé àwọn ọmọdé jìnnà.

Ẹ fi káún tàbí baking soda po omi sínú ike kan láti fi nu ásíìdì tó bá dà sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tàbí sórí bátìrì. Tó bá hó, iṣẹ́ ló ń ṣe. Kò gbọ́dọ̀ kán sínú ihò bátìrì o.

Ó yá, báwo ni mo ṣe máa ṣe ìdọ́gba náà gan-an?

Ẹ gbé bátìrì kún dé òpin ná, ní ọ̀nà tí a ṣàlàyé lókè. Ìdọ́gba lórí bátìrì tí kò kún jẹ́ asán. Lẹ́yìn náà, ẹ pa ínfátà, ẹ yọ gílóòbù DC, fáànù DC àti ohunkóhun tó so mọ́ bátìrì tààrà. Bánkì 24V á lọ sí 31V tàbí 32V; ínfátà lè máa ké tàbí kó pa ara rẹ̀, gílóòbù DC á sì jó.

Ẹ wo omi sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan: pílèètì gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ omi. Ẹ nu orí bátìrì, ẹ wò ó pé ihò kékeré ara ìdérí kò dí, ẹ fún àwọn ìdérí padà. Ẹ ka gbogbo sẹ́ẹ̀lì, ẹ kọ wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà. Ẹ fún orí wáyà kó le nísinsìnyí, kì í ṣe nígbà tí bátìrì bá ti ń hó.

Ẹ wá tan EQ. Iná tó ń wọlé kò gbọdọ̀ pọ̀: ìdá 3 sí 5 nínú 100 iye Ah ti tó, ìyẹn 7A sí 11A fún 220Ah. Láìpẹ́ ẹ ó máa gbọ́ tí bátìrì ń dún ṣáṣá bí ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí; bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ní wákàtí wákàtí, ẹ dá ṣáájì dúró ní bírékà, ẹ jẹ́ kó rọlẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ ka àwọn sẹ́ẹ̀lì tó rẹ̀yìn, ẹ fọwọ́ kan ara bátìrì tàbí kí ẹ fi tẹmómítà wò ó, ẹ tún tan án. Tí nọ́ńbà bá ti dúró sójú kan lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta léraléra, ó parí. Ọ̀pọ̀ ìgbà, wákàtí 1 sí 3 ni. Ẹ má tan án kí ẹ lọ sọ́jà tàbí sí ìsìn.

Tó bá parí, ẹ pa á ní bírékà kí ẹ tó fọwọ́ kan wáyà kankan. Ẹ jẹ́ kí gáàsì lọ, ẹ bu omi dé àmì, ẹ wá so ẹrù padà.

Bátìrì gbóná, ó sì ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Kí ni mo máa ṣe?

Ẹ pa ṣáájì láti ọ̀nà jíjìn, ní bírékà, ẹ jáde kúrò níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ. Òórùn ẹyin bíbàjẹ́ yẹn, gáàsì májèlé ni, ó sì sábà máa ń fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì kan ti sun tàbí pé wọ́n ti ṣáájì bátìrì kọjá àlà. Ẹ má fi imú wá ibi tó ti ń wá: imú kì í pẹ́ mọ́ ọn lára, tí èèyàn á fi rò pé ó ti lọ.

Gbígbóná láìrùn, ẹ wo tẹmómítà. Tó bá ń sún mọ́ 50°C, ẹ dá a dúró, kó tutù di ọjọ́ kejì. Tí bátìrì kan ṣoṣo bá gbóná nínú bánkì tí ìyókù tutù, èyí tó gbóná yẹn ló ní àrùn. Tí ara rẹ̀ bá ti wú, ẹ má ṣáájì rẹ̀ mọ́.

Ásíìdì ta sí mi lójú. Ṣé kí n fi epo pupa sí i?

Rárá! Kò sí epo, kò sí wàrà, kò sí káún. Omi mímọ́ púpọ̀ ni, lójú ẹsẹ̀, kí ẹ ya ìpéǹpéjú kí omi lè ṣàn wọ inú rẹ̀, fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 20. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn, kódà tí kò bá ta yín mọ́. Tó bá jẹ́ ara ló bà, ẹ bọ́ aṣọ ibẹ̀, ẹ da omi sí i títí.

Tí ọmọ bá gbé e mì, ẹ jẹ́ kó fọ ẹnu, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má fi ọwọ́ kì í lọ́fun kó lè bì. Ásíìdì tó jó o nígbà tó ń lọ á tún jó o nígbà tó ń bọ̀. Ilé ìwòsàn, kíákíá.

Ríwáyà ní kí n da ásíìdì tuntun sí i. Ẹlòmíràn ní kí n fi Epsom salt sí i.

Omi nìkan ló ń fẹ lọ láti inú bátìrì. Ásíìdì kì í fẹ. Àyàfi tí bátìrì bá dojú dé tó sì dà sílẹ̀, kò sí ásíìdì tó dín. Níbi tí nọ́ńbà háídrómítà bá ti kéré, inú pílèètì ni ásíìdì náà wà, ó ti di sọ́fétì, ṣáájì nìkan ló lè mú un jáde. Tí ẹ bá da ásíìdì tuntun lé e, nọ́ńbà á gòkè, inú yín á dùn, bátìrì kò ní gbé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ tó bá wá kún, ásíìdì á pọ̀ jù, á sì máa jẹ pílèètì.

Epsom salt kò tún pílèètì ṣe. A kì í fi sí bátìrì oníbàárà wa.

Kọ̀ńtírólà mi máa ń ṣe EQ fúnra rẹ̀. Ṣé kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?

A máa ń pa á. Kọ̀ńtírólà kò mọ̀ bóyá omi ti gbẹ, kò mọ̀ bóyá fèrèsé ṣí, kò sì mọ̀ pé ọmọ yín ń ṣeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì. Ẹ tan án fúnra yín lọ́jọ́ tí ẹ bá wà nílé.

Ẹni tó bá pààrọ̀ bátìrì olómi sí dry cell tàbí lithium gbọ́dọ̀ wọ inú kọ̀ńtírólà lọ yí irú bátìrì padà lọ́jọ́ náà gan-an. Àwọn kan ti náwó ńlá lórí bátìrì tuntun, wọ́n gbàgbé ètò àtijọ́ sínú ẹ̀rọ, EQ sì bá bátìrì tuntun náà jẹ́.

Ṣé ooru àti ọyẹ́ ń yí fóòtì padà?

Bẹ́ẹ̀ ni. 25°C ni àwọn fóòtì tí a kọ lókè wà fún. Bí bátìrì bá ti gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ, fóòtì kékeré ti tó o. Fún bátìrì 12V, ẹ yọ nǹkan bí 0.03V fún ìwọ̀n 1°C kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù kẹta, nínú ṣọ́ọ̀bù onípáànù tí bátìrì ti wà ní 35°C, 15.5V ìdọ́gba á di 15.2V. Ní àárọ̀ ọyẹ́, òdì kejì rẹ̀ ni: bátìrì tó tutù ń fẹ́ fóòtì tó ga díẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní kún.

Tí kọ̀ńtírólà yín bá ní wáyà tó ń wọn ooru, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara bátìrì. Ọ̀pọ̀ ibi ni a ti ń bá a tí ó ká jọ sẹ́yìn kọ̀ńtírólà, tó ń wọn ooru ògiri.

Kọ̀ńtírólà PWM mi ti wà lórí EQ, síbẹ̀ fóòtì kò kọjá 14.9V.

Pánẹ́ẹ̀lì ni kí ẹ wò. Pánẹ́ẹ̀lì "12V" onísẹ́ẹ̀lì 36 ń mú nǹkan bí 18V wá ní 25°C. Lórí páànù nínú oòrùn ọ̀sán, ara rẹ̀ lè dé 60°C, 18V yẹn á sì wá sílẹ̀ sí nǹkan bí 15.5V. Wáyà tún jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀. PWM kò lè gbé fóòtì ga ju ohun tí pánẹ́ẹ̀lì mú wá.

Ẹ lo ṣájà tó ní EQ pẹ̀lú iná ìjọba tàbí jẹnẹrétọ̀, tàbí kí ẹ lo MPPT (irú kọ̀ńtírólà tó ń sọ fóòtì gíga pánẹ́ẹ̀lì di èyí tí bátìrì ń fẹ́) tí a so pánẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ní tẹ̀léra (series) kí fóòtì rẹ̀ lè ga dáadáa ju ti bátìrì lọ. Wáyà tinrín láti orí òrùlé sí ìsàlẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Bátìrì mẹ́rin ni mo ní. Méjì gbó, mo sì ra méjì tuntun kún un. Ṣé ìdọ́gba á mú wọn bára mu?

Kò lè mú wọn bára mu. Níbi tí a ti so wọ́n ní tẹ̀léra, iná kan náà ló ń gba inú gbogbo wọn kọjá. Èyí tó gbó á tètè ga ní fóòtì, kọ̀ńtírólà á rò pé gbogbo wọn ti kún, àwọn tuntun á wà ní ààbọ̀. Láàárín oṣù mélòó kan, wọ́n á ti dàgbà bí àwọn àtijọ́. Ẹ ra mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan, irú kan náà, Ah kan náà. Tí owó kò bá tó, ẹ lo méjì tuntun náà nìkan títí owó á fi dé.

Níbi tí okùn méjì (ọ̀wọ́ bátìrì méjì tí a so ní tẹ̀léra) bá ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ fa wáyà pósítíìfù láti orí okùn kìíní, kí ẹ fa négátíìfù láti ìdí okùn kejì, kí gígùn ọ̀nà tí iná ń gbà lè dọ́gba fún méjèèjì. Tí ẹ bá fa méjèèjì láti ara okùn kan, ìyẹn ni á máa ṣiṣẹ́ jù, òun ni á sì kọ́kọ́ kú.

Mo ti ṣe ìdọ́gba, sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo kò gbéra. Kí ló kù?

Ẹ tún ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i lọ́jọ́ mìíràn. Tí sẹ́ẹ̀lì náà bá ṣì fi 0.050 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kéré sí ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ti lọ. Tí bátìrì 12V bá sì kún tán tó sinmi, tó wá ka nǹkan bí 10.5V, pílèètì sẹ́ẹ̀lì kan ti kan ara wọn nínú. Ìdọ́gba kò lè yà wọ́n, ooru ni yóò mú wá. Ẹ yọ bátìrì yẹn kúrò nínú bánkì kó tó pa àwọn ìyókù.

Ẹ tà á fún àwọn tó ń ra bátìrì kọ̀ndẹ́ẹ̀mù, kó wà lódindi pẹ̀lú ásíìdì inú rẹ̀. Ẹ má da ásíìdì rẹ̀ sí gọ́tà tàbí sídìí kànga torí kó lè fúyẹ́, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ́ ọ nínú ọgbà yín láti yọ òjé: eruku òjé ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ẹ bi ẹni tó fẹ́ rà á bóyá ó máa fọ́ ọ tàbí ó máa gbé e lọ bó ṣe wà, kí ẹ tó gba owó.